Ìdíje Ìbéèrè àti Ìdáhùn Láàrin Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ bá àwọn òbí àti àwọn ọmọ sọ ní ìpàdé gbogboogbò, Niamey)

  

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé kí àwọn ọmọ wa máa ṣe ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìmọ̀ gbogboogbò lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé ṣé eré ọmọdé kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní owó tí a ó fi ra ẹ̀bùn, ṣé kò sàn kí á fi kún owó tí a fi ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á bínú sí ẹni tó bi wá. Ẹ jẹ́ kí á dáhùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, eré yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe é lábẹ́ òṣùpá kí ilé ìwé tó dé. Àlọ́ àpamọ̀ ni. Ẹnì kan á ní "Àlọ́ o!", àwọn yòókù á ní "Àlọ̀!" Á wá béèrè pé ta ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ní àgbàrá òjò ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbọ́ ọ, lọ́la òun náà á fi pa ẹlòmíràn. Báyìí ni ọmọ ṣe ń gbọ́n láìsí ìwé lọ́wọ́. Ní ayé òde òní náà, àwọn ará Ghana bẹ̀rẹ̀ ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láàrin àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1993, gbogbo ìlú ló sì máa ń pé sídìí tẹlifíṣọ̀n nítorí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ètò "Who Wants to Be a Millionaire" bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tọmọdé tàgbà ló ń bá ẹni tó jókòó lórí àga dáhùn láti inú ilé. Bí ènìyàn bá ń ṣeré báyìí, kò ní mọ ìgbà tí ìmọ̀ ń wọlé sí i lórí.

Èkejì, ẹ wo àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí a bí sí Niamey ń sọ Zarma bí ọmọ onílẹ̀, ó ń sọ Haúsá lọ́jà, ó sì ń ka Faransé nílé ìwé. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà tàbí Ṣakí nígbà ọdún, tí ìyá àgbà bi í pé ọmọ agboolé wo ni, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò máa wò. Ẹni tó mọ ibi tó wà tí kò mọ ibi tó ti wá, ìdajì ni ìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ ilé baba rẹ̀ nìkan, tí kò mọ nǹkan kan nípa ìlú tó ti ń jẹun, òun náà ò tíì mọ̀ tó. Méjèèjì la fẹ́.

Ẹ̀kẹta ló ká wa lára jù. Àwọn àgbà tó wà láàrin wa kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ìwé kankan, nítorí kò sẹ́ni tó ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sórí ọkọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà tiwa náà lé àwọn ará Ghana àti àwọn àlejò mìíràn jáde, àwọn ọmọ Niger sì wà nínú wọn. A kò sọ pé ìmọ̀ nìkan ló ń gba ènìyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òfin ìlú tó wà á tètè wá ìwé tó yẹ kí ọjọ́ tó burú. Nítorí náà, owó ìdíje yìí àti owó ìrànlọ́wọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń wo aláìsàn, èkejì ń ṣọ́ ọ kí wàhálà má baà bá ẹni tí ara rẹ̀ le lójijì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ irú ìbéèrè tí a ó máa bi àwọn ọmọ. A ó fi ìdáhùn sí i, kí ẹ lè máa fi kọ́ wọn nílé.

Nípa ìlú tí a wà

Ọjọ́ wo ni Niger gba òmìnira? Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Ọmọ tó bá dáhùn pé ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí wọ́n kéde Rẹ̀públíìkì ní 1958 ló ń sọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn níbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣi ara wọn mú. Kí ọmọ tún mọ̀ pé Togo gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún náà, Dahomey tó di Benin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà sì ni ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá.

Ta ni ààrẹ àkọ́kọ́? Hamani Diori. Ta ló gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀? Seyni Kountché, ọ̀gágun, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1974.

Ìlú wo ni olú-ìlú Niger kí ó tó kan Niamey? Zinder ni. Ọdún 1926 ni wọ́n gbé e wá sí Niamey.

Èwo ló tóbi jù ní ilẹ̀, Niger tàbí Nàìjíríà? Ìbéèrè yìí máa ń mú àgbà pàápàá. Nítorí pé ènìyàn pọ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n á ní Nàìjíríà ni. Niger ló tóbi jù. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,267,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ti Nàìjíríà jẹ́ 923,768. Aṣálẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ti Niger.

Odò tí a ń fi afárá kọjá níbí, kí ni orúkọ rẹ̀ ní ilé wa? Odò Ọya ni. Àwọn Zarma ń pè é ní Issa, Haúsá ń pè é ní Kwara, ibẹ̀ sì ni Ìpínlẹ̀ Kwara ti gba orúkọ. Ilẹ̀ Guinea ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba Mali kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ó fẹ̀gbẹ́ kan Benin, ó wọ Nàìjíríà, ó pàdé odò Benue ní Lọ́kọ́ja, kí ó tó wọ inú òkun. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 4,180 kìlómítà. Ní Áfíríkà, odò Nile àti odò Congo nìkan ló gùn jù ú lọ. Afárá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ ní Niamey ni ti Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970. Ẹ ò rí i pé omi tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa níbí náà ló ń lọ kí àwọn ará Jẹ́bà.

Ẹranko wo ló wà ní Kouré tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àyàfi èyí tí wọ́n kó láti ibẹ̀ lọ? Àgùnfọn ni. Ní 1996, 49 péré ló kù. Ìjọba àti àwọn ará abúlé pawọ́ pọ̀ ṣọ́ wọn, wọ́n sì ti lé ní 600 báyìí.

Bí oníbàárà bá sọ fún ọ pé dala 40 ni òun á san, fáránkì mélòó ni? Igba fáránkì, 200, nítorí dala kan jẹ́ fáránkì 5. Ọmọ tí kò bá mọ èyí, ẹ má fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un.

Nípa ilé

Ta ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù? Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, ní 1864. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì dẹni tó ṣíwájú ìṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó parí ní 1884.

Kí ni orúkọ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa? Ìwé Ìròyìn, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859.

Ọdún wo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà? 1955, nígbà ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ta ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìwé kíkọ? Wọlé Ṣóyínká, ní 1986.

Dárúkọ ìlú Yorùbá méjì tí kò sí ní Nàìjíríà. Kétu àti Ṣàbẹ́, ní Benin.

Ìdáhùn tó ti yí padà

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ó máa kọ ìbéèrè. Ìwé ìbéèrè pọ̀ lọ́jà tó ti pẹ́. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lè má jẹ́ òótọ́ mọ́.

Orílẹ̀-èdè mélòó ló wà nínú ECOWAS, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní CEDEAO? Ìwé àtijọ́ á sọ pé 15. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025 tí Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde, 12 ni. Ọdún wo ni wọ́n dá a sílẹ̀? 1975, ní Èkó. Ọdún wo ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà fún 90 ọjọ́? 1979, ní Dakar.

Ẹ rí i pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Òfin tí púpọ̀ nínú wa fi ń wọlé, tí a fi ń jáde, òun nìyẹn. Nígbà tí ìjáde yẹn sún mọ́lé, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé ọmọ ECOWAS lè máa wọlé sọ́dọ̀ wọn láìgba físà. ECOWAS náà ní kí wọ́n máa gba ìwé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà títí di ìgbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà fi ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ààlà lè yí padà lálẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti rí i nígbà tí wọ́n ti ààlà Nàìjíríà pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 tí ó fi di oṣù Kẹta ọdún 2024. Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, kí ó kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, kí ó má gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan gbọ́.

Èdè wo ni èdè orílẹ̀-èdè Niger? Àwọn ìwé àtijọ́ á ní Faransé ni èdè ìjọba. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2025 sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì pe Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní èdè iṣẹ́.

Bí a ó ṣe ṣe é

Ìbéèrè tó dára, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń ní. Bí a bá béèrè pé ta ni akọni jù nínú àwọn ọba Yorùbá, ìjà la fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn. Bí a bá béèrè ọdún tí wọ́n bí Àjàyí Crowther, kò dára, nítorí ìfojúdá ni 1809 tí àwọn ìwé ń kọ. Nítorí náà, ẹni méjì ni yóò yẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò kí a tó lò ó.

Ọmọ mẹ́rin ni yóò wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. A kò ní pín wọn ní ìlú-ìlú. Bí a bá fi Ògbómọ̀ṣọ́ kọjú sí Ọ̀ffà, ìdíje á parí tán, àwọn òbí á ṣì máa bá a lọ. A ó da ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́ pọ̀, a ó da ọmọ tó kàwé púpọ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí telọ kékeré lè mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀. Yorùbá ni a ó fi béèrè, Yorùbá ni wọ́n ó fi dáhùn. Wọ́n á fi orí kan orí, olórí ọ̀wọ́ nìkan ni yóò sọ ìdáhùn. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ó di ti ọ̀wọ́ kejì. Bí gbogbo wọn kò bá mọ̀ ọ́n, olùbéèrè á ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ilé, torí ìbéèrè tí a kò dáhùn kò wúlò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìdáhùn láti ẹ̀yìn. Bí òbí bá là á lóhùn, ọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀ ló pàdánù ìbéèrè náà. Ìwé àti báàgì ilé ìwé ni ẹ̀bùn, kì í ṣe owó. Ọmọ tí kò borí náà kò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Láti òní lọ, iṣẹ́ kan péré la bẹ̀ yín. Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta: ọ̀kan nípa ilé, ọ̀kan nípa Niger, ọ̀kan nípa ọjà. Ẹ kọ orúkọ agboolé yín àti oríkì ìdílé sílẹ̀ fún un kí ó mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ fi ìwé ìgbélùú yín hàn án, kí ó mọ ohun tó jẹ́ àti ìgbà tó ń parí. Ọmọ tó mọ èyí kò ní ṣìnà níbí, kò sì ní di àlejò nílé.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó fún wọn ní òye, kí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ yìí máa tura fún wa. Àmín.