Òbìrìkìtì 20, Bọ́ọ̀lù Kan

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní Ọ̀jọ́)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń fi bébà ṣe ní Okokomáíkò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí nínú ọkàn wọn pé, "Bébà kẹ̀? Ṣé eré ọmọdé kọ́ nìyẹn?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1990. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia ní Làìbéríà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé inú bárékè mọ bí ilé ṣe rí nígbà náà. Bàbá mi wà lára àwọn tó lọ. JSS 3 ni mo wà. Bí a bá gbọ́ pé ọkọ̀ dúró níta, gbogbo wa á sáré jáde. Ìyá mi kì í sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀ ló tún máa ń gbá.

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa (wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn) ní kí oníkálukú ṣe bọ́ọ̀lù bébà kan fún ọdún Kérésì. Kò sí dáì, kò sí ẹ̀rọ. Ìdí agolo mílíìkì la fi ń ya òbìrìkìtì sára káàdì Kérésì àtijọ́, sísọ́ọ̀sì àti bíléèdì la fi ń gé e. Àpá bíléèdì ọjọ́ náà ṣì wà lára àtàǹpàkò mi. Òbìrìkìtì 20 ni bọ́ọ̀lù kan ń gbà. Mo gé tèmi ní gbàùngbàùn torí mo fẹ́ tètè lọ ṣeré. Nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ dé ìkẹtàdínlógún, bọ́ọ̀lù kọ̀, kò pàdé. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n tú u palẹ̀ lójú mi, wọ́n ní, "Lọ tún wọn gé." Mo sunkún délé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí mọ̀ pé mo bínú sí wọn títí a fi gba họ́lídé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń tún un gé tí ìyá mi wá dúró lẹ́yìn mi. Ó ní kí n kọ́ òun. A jọ ṣe é di aago mọ́kànlá. Láti oṣù kẹjọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Kí Kérésì tó dé, a ti ń so bọ́ọ̀lù bébà kọ́ fún títà ní mámì máàkẹ́ẹ̀tì. Owó yẹn la fi ra ìwé àti bàtà mi fún sáà kejì. Lọ́dún 1992 tí bàbá mi padà dé, tó ń tiro, bọ́ọ̀lù kan ṣì so mọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Nǹkan àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi di oníṣẹ́ bébà. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe ń ṣe é, torí ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ nílé lè gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ òní.

Dáì tí mò ń lò báyìí kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, etí rẹ̀ mú bí abẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ róbótó. Ẹ ó gbé bébà lé etí tó mú náà, ẹ ó fi pátákó ike kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè, ẹ ó wá fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ kékeré kan tó ní róla irin méjì. Róla á tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń kọjá, òbìrìkìtì á sì já bọ́. Kò béèrè iná. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí, ti ńlá ni wọ́n ń lò: wọ́n á tẹ irin pẹlẹbẹ, wọ́n á kì í bọ inú pílaíwúùdù, wọ́n á lẹ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè máa ti bébà jáde. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Láti Okoko dé Mile 2, láti Mile 2 dé Oṣòdì, kí n tó wọ Ṣómólú. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa.

Bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó gùn ní 29.7. Ẹ gé e sí ọ̀já mẹ́rin lóòró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Dáì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 á gé òbìrìkìtì 5 lára ọ̀já kan. 5 lọ́nà 4, 20 nìyẹn. Bébà kan, bọ́ọ̀lù kan.

Ẹ tún fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ gé òbìrìkìtì kan lọ́tọ̀. Ẹ ká a sí méjì, ẹ tún un ká sí mẹ́rin, ẹ tú u: ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Ẹ ká etí kan wá kan àárín. Ẹ ká etí kejì wá kan àárín, kí ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. Ìkẹta á bọ́ sí àyè tó kù. Onígun mẹ́ta tó dọ́gba ló jáde yẹn. Ẹ gé e, kí ẹ fi ya ìlà sára 20 tó kù, kí ẹ sì ká etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ márùn-ún pọ̀ yíká bíi fìlà. Ẹ tún ṣe fìlà mìíràn. Mẹ́wàá tó kù, ẹ tò wọ́n, kí ṣóńṣó ọ̀kan kọjú sókè, kí ti èkejì kọjú sílẹ̀, títí yóò fi di ẹ̀gbà róbótó. Fìlà kan lókè, fìlà kan nísàlẹ̀, ó parí. Ẹ má gbàgbé láti ti òwú bọ orí fìlà òkè kí ẹ tó pa á dé. Ọ̀já tó ní ihò tó ṣẹ́kù, ẹ má dà á nù; ẹ lẹ bébà aláwọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, etí káàdì ìkíni tó rẹwà nìyẹn.

Ẹ gbọ́ o. Dáì á gé e kó dọ́gba, ṣùgbọ́n dáì ò mọ ibi tí àárín wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní agolo mílíìkì kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọmọ tó bá ti mọ bí òbìrìkìtì kan ṣe lè ba 19 jẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Mo wo yàrá iṣẹ́ ọnà wa nígbà tí mo dé láàárọ̀. Àga tó ti kán ló kún inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé a fẹ́ dìbò lórí kọ̀ǹpútà lónìí, mi ò sì ta kò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kó àga yẹn jáde, ká fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan àti dáì mẹ́ta síbẹ̀. Èmi á máa wá ní Sátidé kan nínú oṣù. Ọmọ kan lè wà nínú kíláàsì yẹn báyìí tí ilé wọn dákẹ́ bíi tiwa ti 1990.

Mà, ẹ tú bọ́ọ̀lù mi palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì dúpẹ́ rí. Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mo mú òmíràn dání fún yín lónìí. Ẹ kà á wò, 20 ni, ó sì pàdé.