Òdòdó Ikàn: Ohun Tí Àṣà Táílàǹdì Fi Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ìrẹ̀lẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ọ̀wọ̀ tó lè kọ́ ọmọ ní ìrẹ̀lẹ̀ ni èyí tí ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún náà máa ń tẹrí ba níbẹ̀. Ayẹyẹ tí àwọn ará Táílàǹdì ń pè ní wai khru ni ẹ̀rí mi. Wai ni kí ènìyàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó sì tẹrí ba. Khru ni olùkọ́, inú ọ̀rọ̀ guru ti èdè Sanskrit ni wọ́n sì ti fà á yọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yàn, nítorí pé nínú ìgbàgbọ́ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Híńdù wá, Brihaspati, olùkọ́ àwọn òrìṣà, ló ni ọjọ́ náà. Aṣojú kíláàsì kọ̀ọ̀kan á kúnlẹ̀, á sì gbé àwo òdòdó fún olùkọ́. Ohun mẹ́rin ni àṣà là sílẹ̀ fún àwo yìí. Koríko tí ń rá nílẹ̀, tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kì í kú, dúró fún ìfaradà. Òdòdó ixora, tí orúkọ rẹ̀ lédè wọn jẹ mọ́ abẹ́rẹ́, dúró fún ọpọlọ tó mú. Ìrẹsì tí a yan tó bẹ́ bíi gúgúrú dúró fún ìkóra-ẹni-níjàánu, nítorí inú ìkòkò tí a dé ló ti ń bẹ́. Ẹ̀kẹrin ni òdòdó ikàn. Ẹni tó bá gbin ikàn rí mọ̀ pé bí òdòdó rẹ̀ bá fẹ́ so, ṣe ló máa ń dorí kodò. Ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ ni pé ẹni tó tẹrí ba ń múra àtiso èso ni; kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹrú.

Ẹ wá wo ẹni tó kọ́kọ́ tẹrí ba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti tan àbẹ́là níwájú ère Búdà, ó sì ti júbà. Wọ́n tún máa ń fi àmì ìbùkún sára ìwé ẹ̀kọ́. Láàrin àwọn oníjó àti onílù ìbílẹ̀ wọn, àwọn ìbòjú tó dúró fún àwọn olùkọ́ àtètèkọ́ṣe ni wọ́n ń tò sórí pẹpẹ, ọ̀gá tí yóò gba ọmọ tuntun wọlé á sì kọ́kọ́ júbà wọn. Ohun tí ọmọ ń fojú ara rẹ̀ rí ni pé ìmọ̀ kì í ṣe ohun ìní olùkọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan ni. Ìwàásù orí ìlà àárọ̀ kò lè fi èyí hàn án.

Àwọn kan á sọ pé ìtẹríba ń sọ ọmọ di ẹrú. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1873, Chulalongkorn, tó jẹ́ ọba ilẹ̀ náà nígbà yẹn, fúnra rẹ̀ fòfin de ìdọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, ó ní ìnilára ni. Ní 2017, ní yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ ọba yìí kan náà, àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ níwájú ère rẹ̀. Ìdúró ni wọ́n ti tẹrí ba, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò kọ ọ̀wọ̀; àṣẹ tí kò gba ìbéèrè ni wọ́n kọ̀. Ìlànà tí ìjọba Táílàǹdì pàápàá gbé jáde ní 2005 kò fi ẹgba sínú ìyà tí wọ́n lè fi jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ó yé ìjọba náà pé ìbẹ̀rù lè tẹ ọrùn ọmọ, kò lè tẹ ọkàn rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, pàápàá níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí a fipá mú ọmọ kúnlẹ̀ níbi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú òdòdó ikàn kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ lè dúró, kí ó sì dúpẹ́ lọ́nà tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ má ṣe ní kí ọmọ ṣe ohun tí ẹ kò túmọ̀ fún un. Kí ẹ tó gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ́ ẹ̀yin náà, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà níṣojú rẹ̀.