Géèmù Tí Ayé Bú, Tí Ọmọ Wa Fẹ́ràn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn òbí ní Barking)

Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì wá sọ̀rọ̀, a sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ ń retí. Ìyẹn di ìgbà mìíràn. Géèmù orí tẹlifíṣọ̀n la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa rèé. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra géèmù àlòkù kan ní Dagenham Heathway, pọ́n-ùn mẹ́ta péré, fún Xbox 360 tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sí yunifásítì. Sonic the Hedgehog ni, èyí tó jáde ní 2006. A yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí i pé máàkì tí àwọn tó ń yẹ géèmù wò fún un kò tó 50 nínú 100. Ni a bá pariwo lé ọmọ lórí: "Ohun tí gbogbo ayé ti bú ni ìwọ ń náwó lé?" Kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ Sátidé, a ó gbọ́ tí yóò sáré pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ń fi ohun tó dùn mọ́ ọn pamọ́ fún wa. Ìyẹn dùn wá ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ.

Lọ́jọ́ kan, a jókòó tì í, a ní kó fi hàn wá. "Mọ́mì, ẹ máa wò ó, ó máa jábọ́ báyìí." Ó sì jábọ́ lóòótọ́! Ẹ̀rín pa wá. Ọmọ náà mọ ibi tí géèmù yẹn ti bàjẹ́ bí awakọ̀ ṣe mọ kòtò ojú ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn tó bú u kò purọ́ o. Iléeṣẹ́ Sega fẹ́ fi ṣe ayẹyẹ ọdún 15 Sonic, wọ́n sì ń kánjú kó bá Kérésìmesì. Yuji Naka, ọ̀kan lára àwọn tó dá Sonic sílẹ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀; wọ́n tún pín òṣìṣẹ́ sí méjì kí apá kan lè ṣe òmíràn fún Wii. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ géèmù wò ní ọjọ́ díẹ̀ láti fi parí rẹ̀, ó sì ń fi í wé èyí tó dára jù. Ọmọ wa ní gbogbo ìsinmi, kò sì bá ẹnikẹ́ni díje.

Àwa náà ńkọ́? Ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí 1990, fídíò Yorùbá la ń yá wò. Àwọn tó ń ṣe sinimá ńlá kẹ́gàn rẹ̀: àwòrán ò mọ́, ohùn ò já gaara. Kenneth Nnebue, tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, ti ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989. Pálọ̀ kan ṣoṣo, àdúgbò yóò kún un fọ́fọ́.

Nọ́ńbà tó kan nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí máàkì. Òun ni ti PEGI tó wà lára páálí: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Láti oṣù Keje 2012, òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí ọlọ́jà ta ti 12, 16 tàbí 18 fún ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Àwa òbí la tún ń bá wọn rà á! Grand Theft Auto V tó jáde ní 2013 gba ìyìn káàkiri ayé, ti ẹni ọdún 18 sì ni. Ẹ wo inú ilé yín dáadáa. Ẹ wo aago oorun náà. Àjọ ìlera àgbáyé ti ka géèmù àṣejù mọ́ àìsàn, ìwé wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, tí ó pa oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ẹbí tì nítorí rẹ̀, ni wọ́n ń bá wí.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó gbé ẹ̀rọ wa wá sí gbọ̀ngàn yìí. Ẹni tó bá ní géèmù tí wọ́n bú, kó mú un dání. A ó mú Sonic wá, pẹ̀lú ṣin-ṣín àti ẹ̀pà, nítorí yóò pẹ́ kó tó ṣí.