A Kì Í Gbé Etí Odò Ká Máa Fi Itọ́ Ṣanwọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Àgbádárìgì sọ)

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ìlú tó ní ọ̀sà níwájú, tó ní òkun lẹ́yìn ọ̀sà, tó ní àgbọn lọ́tùn-ún lósì, kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ fi ń sá lọ wáṣẹ́ ní Èkó?

Kí ẹnikẹ́ni má pè wá ní ọ̀lẹ o. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn Ẹ̀gùn àti Àwórì ti ń dẹ àwọ̀n, tí wọ́n ń se iyọ̀. Nígbà tí òwò ẹrú dé, omi tí a fi ń wá ẹja náà ni wọ́n fi kó ọmọ ènìyàn kọjá sí Gbẹrẹfu, títí dé Brasil. Ìwọ̀nba ènìyàn ló là, ọ̀pọ̀ ló sunkún.

Ní 1830, ibí ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ti gbéra lọ wá ibi tí Odò Ọya ṣàn sí. Ní 1842, Thomas Birch Freeman mú ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì wá. Ní 1845, wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láyé ìgbà yẹn, Àgbádárìgì ni wọ́n ń gbà lọ sí Abẹ́òkúta.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, ó sì gbà á pátápátá ní 1861. Oníṣòwò di ẹrù, míṣọ́nnárì di ẹrù, ó di Èkó. Nígbà tí wọ́n fi gba tiwa ní 1863, ọjà ńlá ti ṣí lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè ní 1896, láti Èkó náà ni. Ẹja ò tán lódò, ọwọ́ wa ò sì rọ. Ọ̀nà ni wọ́n yí kúrò lọ́dọ̀ wa!

Lẹ́yìn 1970 ni títì ńlá dé, inú wa dùn. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, wọ́n ní rélùwéè yóò gba àárín rẹ̀ dé Òkòkómaikò. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, Mile 2 ló dúró sí. Ìjọba àpapọ̀ ti ibodè pa ní 2019, Sẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di ìparí 2020. Ta ló jẹ gbèsè yẹn? Ìyá ẹlẹ́ja ni.

Ẹja ni ìyá mi fi rán mi níléèwé. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ wa há sínú ẹrẹ̀, kí a tó dé ọjà, ẹja ti ń rùn. Owó ìdánwò mi ló bá a lọ. Ọdún kejì ni mo tó jókòó gba ìwé ẹ̀rí girama.

Àwọn tó ń wá wo ọjà ẹrú Vlekete àti Gberefu ńkọ́? Wọ́n á wò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tètè sá padà nítorí ọ̀nà. Owó oúnjẹ alẹ́ àti owó ibùsùn, ìlú mìíràn ni wọ́n ń ná an sí.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí ọ̀nà parí, kí a sì kọ ọjọ́ tí yóò parí síta. Kí ilé yìnyín wà létí ọ̀sà, kí ẹja má bà á jẹ́. Kí a máa ka ìṣirò owó àwọn àlejò fún ìlú ní gbangba. Bí a bá débẹ̀ tí a ò ṣe é, ẹ lé àwa náà!

Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, títí kan ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo lẹ gbà wá? Wákàtí mélòó lẹ lò lójú ọ̀nà?” Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ síbi àpótí ìbò.

Ire o.