Ẹ Jẹ́ Ká Ná Ọjà Bọ́ọ̀lù Yìí Ká Tó Sanwó

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wá láti Atlanta, láti Maryland, láti Chicago, tí ẹ bá wa pé sí Houston níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí i pé àwọn kan nínú yín ṣì wọ jẹsí tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni mo wá sọ, àmọ́ àwọn òbí yín ni mo wá sọ ọ́ fún.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Dallas tí mo ń gbé, àwa ìyá mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ọmọ tèmi ti wọ ECNL o." A kí i kú oríire. Èkejì ní MLS NEXT ni ọmọ tòun wà. Líìgì ńlá fún bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ ni méjèèjì. Nígbà tó kàn mí, mo ní pápá tó wà nítòsí ilé wa ni tèmi ti ń gbá. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ná mi ní ohun tó lé ní 6,000 dọ́là.

Ìdí ni pé nígbà tí àsìkò tryout, ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ọmọ sínú ikọ̀, tún dé, mo mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, kúrò lọ́wọ́ kóòṣì tó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ pè dáadáa, tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé wa, mo gbé e lọ sí kíláàbù kan tó gba ìṣẹ́jú 55 lójú ọ̀nà bí ọ̀nà bá dá. Wọ́n fún mi ní wákàtí 48 láti fọwọ́ síwèé. Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo san 3,200 dọ́là, mo ra jẹsí mẹ́ta àti báàgì, mo san owó òtẹ́ẹ̀lì ní ìlú mẹ́rin. Níbi ìdíje kan tí a wọ bàálù lọ, ìṣẹ́jú 11 ni ọmọ mi fi wà lórí pápá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé dandan ni kí n lọ ní Tuesday?" Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohùn ẹni tí ìrora ti pẹ́ lára rẹ̀ tí kò fẹ́ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ohùn yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi.

Ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo ti dàgbà lẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi kì í ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì láì kọ́kọ́ yà dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta, bó sì ti wù kí òkè apẹ̀rẹ̀ náà pọ́n tó, yóò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èyí tó ti rọ̀ sí. Èmi ọmọ obìnrin yẹn náà ni mo san 3,200 dọ́là láì ná an. Ìtìjú ló fà á. Ohun tí mo bá wá síwájú yín nìyẹn: àwa òbí ń fi ọmọ wéra nídìí tábìlì àríyá, a kì í fi ọjà wéra. A máa sọ orúkọ líìgì fún ara wa, a kì í sọ iye tí a san, a kì í sọ iye ìṣẹ́jú tí ọmọ fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí n ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2007, U.S. Soccer, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, dá líìgì ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Development Academy sílẹ̀. Àwọn òbí ìgbà yẹn gbà pé ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀, tirẹ̀ ti pẹ́ jù. Láti 2012, ọmọ tó bá wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún sẹ́kọ́ńdìrì rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ sì fi ikọ̀ ilé-ìwé wọn sílẹ̀ fún un, wọ́n pàdánù ayọ̀ kí ojúgbà ẹni jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó máa pariwo orúkọ ẹni. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2020, tí kòrónà gbòde, U.S. Soccer kéde pé Development Academy ti parí. Láàárín oṣù díẹ̀, MLS NEXT dìde fún àwọn ọkùnrin, Girls Academy dìde fún àwọn obìnrin. ECNL ti wà nílẹ̀ fún ọmọbìnrin láti 2009, wọ́n sì ti fi ti ọmọkùnrin kún un ní 2017. Òun náà gba nínú àwọn kíláàbù tó ń wá ibi forí pamọ́ sí. Kóòṣì ò yí padà, pápá ò yí padà. Àmì tó wà lápá jẹsí ló yí padà. Ohun tí àwọn òbí kan ti torí rẹ̀ jẹ gbèsè fi òru ọjọ́ kan pòórá.

Bẹ́ẹ̀ ni kíláàbù kan ṣoṣo lè ní ikọ̀ mẹ́rin fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ìkíní á wà ní ECNL, ìkejì ní ECNL Regional League, àwọn yòókù ní líìgì ìpínlẹ̀. Jẹsí kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ẹni tó bá ní "kíláàbù báyìí ni ọmọ mi wà" kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Àwọn ẹbí wa ní London máa ń bi wá pé kí ló dé tí a fi ń sanwó kí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè gidi ni. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ealing, kékeré ló wà tó ti wọ akadẹ́mì Arsenal ní Hale End. Folarin Balogun, tí wọ́n bí ní New York níbí tó sì dàgbà ní London, ibẹ̀ náà ló gbà. Akadẹ́mì irú ìyẹn kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òbí, torí pé ọmọ ni ọjà tí wọ́n ń rà sílẹ̀. Bí ọmọ bá dàgbà, wọ́n á lò ó tàbí kí wọ́n tà á. Òfin FIFA tilẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjìlá títí dé mẹ́tàlélógún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kíláàbù Amẹ́ríkà kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà. Ọdún 2019 ni MLS gan-an, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tó kéde pé òun yóò máa béèrè tirẹ̀. Yàtọ̀ sí akadẹ́mì díẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ikọ̀ MLS tí wọn kì í gbowó, ibi tí kíláàbù ti ń rí owó jẹun ni àpò èmi àti ẹ̀yin. Mi ò fi ìyẹn bú wọn. Àwọn kóòṣì náà ní ìdílé. Ohun tí mò ń sọ ni pé oníbàárà ni wá, oníbàárà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Kí la ó máa béèrè? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò dúró lórí pápá pẹ̀lú ọmọ ní Tuesday àti Thursday. Ẹni tó gba yín lálejò lọ́jọ́ tryout, tó sọ̀rọ̀ dùn-ún, lè jẹ́ olùdarí tí ẹ kò ní rí mọ́ títí ọdún á fi yí. Ẹ lọ wo kóòṣì gan-an níbi tó ti ń kọ́ni, ẹ má sọ fún un pé ẹ ń bọ̀. Ẹ wo bó ṣe ń bá ọmọ tó ṣàṣìṣe sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá, mẹ́sàn-án ló ń wọ pápá. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó di mọ́kànlá. Bí wọ́n bá wá kọ orúkọ ogún ọmọ sílẹ̀ fún ipò mọ́kànlá, mẹ́sàn-án yóò máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, owó kan náà sì ni gbogbo wọn san. Ẹ béèrè bóyá owó tí wọ́n dá lé e ti kó ìdíje àti ìrìn-àjò kóòṣì mọ́ra, tàbí ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ sì béèrè ìrànwọ́ owó. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa kì í gbà á torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní aláìní, wọ́n á wá lọ gba ṣíìfù òru mẹ́ta kún iṣẹ́. Mo mọ̀ wọ́n, ibi iṣẹ́ kan náà la wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ní yunifásítì ńkọ́? Òun ló ń mú ọ̀pọ̀ wa ki ọrùn bọ gbèsè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Títí di sáà 2024/25, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ikọ̀ ọkùnrin kan lè pín ní Division I, ìpele tó ga jù nínú NCAA, àjọ eré ìdárayá yunifásítì, kò ju 9.9 lọ fún gbogbo ikọ̀. Ti obìnrin jẹ́ 14. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹran iléyá kó lè kárí. Láti 2025, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gba ètò tuntun lè fún gbogbo ọmọ 28 tí àyè gbà nínú ikọ̀. Àmọ́ "a lè fún un" kọ́ ni "a ti fún un", ikọ̀ náà sì lè lọ mú ọmọ ogún ọdún wá láti Jámánì tàbí Gánà. Division III kì í fúnni ní kọ́bọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Yale, Harvard àti àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Ivy League náà kì í fúnni. Yale sì ni Michelle Alozie, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní California, ti kàwé kó tó gbá bọ́ọ̀lù fún Houston Dash àti Super Falcons. Ní ìlú tí a wà yìí gan-an ló ti ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ọmọdé ní Texas Children's Hospital nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Dash. Nílé, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Algeria 3-0 l'Ékòó ní 1980, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà ní Pólì Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń tọ́jú owó fún yunifásítì, ẹ tọ́jú owó fún yunifásítì.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí ọmọ tí wọ́n já kúrò nínú ikọ̀ gbọ́. Fún bí ọdún mẹ́wàá, January ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, tí ọmọ January àti ọmọ December ọdún kan náà fi jọ ń du ipò. Lára ọmọ ọdún mẹ́wàá, oṣù mọ́kànlá kì í ṣe kékeré. Àwọn onímọ̀ ti rí i ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pé àwọn tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ń mú jù. Láti sáà 2026/27, àwọn àjọ bọ́ọ̀lù ọmọdé US Youth Soccer, US Club Soccer àti AYSO gbé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà náà lọ sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Ọmọ oṣù kẹsàn-án tó ti ń jẹ́ àbúrò yóò di ẹ̀gbọ́n; ọmọ oṣù keje yóò di àbúrò gbogbo wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ, ẹ wo oṣù tí ẹ bí i.

Bí nọ́ọ̀sì ni n óò sọ èyí. Nínú bọ́ọ̀lù, iṣan orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL máa ń já lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. FIFA ní eré ìmúra kan tí wọ́n ń pè ní 11+, bí ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó ń dín ìfarapa kù. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòṣì tí kò bá lè sọ fún yín ohun tó ń ṣe kí ọmọbìnrin yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ má sanwó fún un, ì báà wà ní líìgì tó wà lókè ọ̀run.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ lọ sí líìgì ńlá. Ọmọbìnrin mi wà nínú ọ̀kan. Òun ló bẹ̀ mí, ó ti ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lọ́nà tí kò fi rí ẹni kọ́ ọ ní nǹkan mọ́. A lọ wo kóòṣì lẹ́ẹ̀mẹta, a ka orí, a gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́. Ojú ọ̀nà rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n inú mọ́tò náà ló ti gbọ́ Yorùbá ju ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ kóòṣì àkọ́kọ́, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé rẹ̀. Kò tún bi mí mọ́ bóyá dandan ni kó lọ.

Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, irú èyí tí alájọ fi ń kọ owó. Mo ti fa ìlà sí i: orúkọ kíláàbù, iye tí ẹ san gan-an títí kan òtẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wakọ̀, iye ọmọ tó wà nínú ikọ̀, ìṣẹ́jú tí ọmọ yín fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò fa ìlà fún orúkọ líìgì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbà pé òun yóò tọ́jú rẹ̀, kí òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé lè rí ẹni bi. Mo ti kọ tèmi sí ojú ewé àkọ́kọ́, 6,140 dọ́là, ìṣẹ́jú 11 náà sì wà níbẹ̀. Bírò wà nínú ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, ẹ wá kọ tiyín.