Ẹ̀yìn Dídùn Nígbà Oyún

  

Kò sí ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún tí a kì í gbọ́ ọ: "Nọ́ọ̀sì, ìbàdí ń ro mí, n kò lè yí ara padà lórí ibùsùn." Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fọ̀ ni pé, "Ẹ lọ sinmi." Èmi náà ti sọ ọ́ títí, kí n tó mọ̀ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Mo rántí ìyá kan tó ń ta aṣọ, oyún rẹ̀ kẹta ni. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti bí èkejì. Mo ní kó sinmi, ó sì gbọ́ràn: ó fi ọjà sílẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó padà wá, àtidìde lórí àga ti di iṣẹ́ ńlá fún un. Òun kọ́ ló ṣàṣìṣe, ìmọ̀ràn mi ni kò pé.

Bí oyún ti ń dàgbà, àwọn iṣan tó so egungun ìbàdí pọ̀ máa ń rọ̀, kí ọmọ lè ráyè kọjá. Ikùn ń yọ síwájú, iṣan rẹ̀ ń nà, ẹ̀yìn ló sì wá ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Bí a bá dùbúlẹ̀ pẹ́, agbára iṣan yóò dín kù, ẹrù kò sì ní fúyẹ́. Ìbẹ̀rù yóò tún dé, a ó máa rò pé bí a bá mira, nǹkan yóò já nínú wa. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún nímọ̀ràn láti máa ṣe eré ìdárayá déédéé jálẹ̀ oyún, kí ẹ̀yìn àti ìbàdí má baà máa dùn wọ́n. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí dókítà ti kìlọ̀ fún, kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹ lè ní, "Ṣé omi tí mò ń pọn kò tó ni?" Iṣẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkánjú la fi ń ṣe é.

Ẹ kúnlẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ rá. Ẹ mí sínú. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ rọra gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ tún mí sínú, kí ẹ dá ẹ̀yìn padà kó tẹ́, kó má ṣe tẹ̀ wọnú. Ìgbà mẹ́wàá tó. Ẹ má ṣe é bí ẹni ń gún iyán o! Ẹ fi ọkàn bá a lọ: ibo ló ń fà, ibo ló ń dẹ̀? Bó bá ń fà díẹ̀, kò burú. Bó bá gún yín lójijì, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ṣe é kéré sí i lọ́la.

Fún agbára itan àti ìbàdí, ẹ jókòó sétí àga tí ẹ tì mọ́ ògiri. Ẹ dìde, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ ti ń rọra padà jókòó. Ẹ má ṣe sé èémí. Ìgbà márùn-ún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, ẹ fi méjì kún un. Ìyá aláṣọ yẹn fi ìgbà mẹ́ta péré bẹ̀rẹ̀, ó ń di ògiri mú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti ń lọ sọ́jà fún ààbọ̀ ọjọ́. Ó ṣì ń dùn ún nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, gbogbo ẹ̀yìn dídùn kọ́ ni ti iṣan. Bó bá ń mú, tó ń fi sílẹ̀, nígbà tí oyún kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, ó lè jẹ́ ìrọbí. Ibà, ìtọ̀ tó ń ta, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lójú ara, ẹsẹ̀ tó kú tipiri, ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró: ẹ gbé irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ra oògùn ara ríro bí ibuprofen fúnra wọn.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀, ẹ mú ẹní lọ́wọ́ wá, kí nọ́ọ̀sì wo bí ẹ ti ń ṣe é.