Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌMÒÒKÙN
(Bí a ṣe sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

Mo mọ̀ pé òórùn ọbẹ̀ ìlasa ti ń kàn yín, n kò ní í pẹ́.

Àwa ará Ìbàràpá kò mọ òkun. Odò Ògùn àti Ọ̀fìkì la mọ̀, níbẹ̀ la sì ti ń mòòkùn: fa èémí sínú, rì, kí o tètè jáde. Kò séwu, torí afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ la gbé lọ, òun náà la gbé bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ òkun, tó ń mí níbẹ̀, "tètè jáde" lè pa á.

Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé lójú òkun Escravos, lápá Delta. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, kúùkù wọn, wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkọ̀ rì tó nǹkan bí mítà 30, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sínú yàrá kan, níbẹ̀ ló gbórí sí. Òkùnkùn biribiri, òtútù, ìgò kókà kan. Nǹkan bíi wákàtí 60! Òkú làwọn amòòkùn wá gbé. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ nínú omi, ó dì í mú, àfi bí ọwọ́ náà ṣe di tirẹ̀ mú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó!

Ẹ rántí físíìsì wa. Ní mítà 30, agbára tó ń tẹ nǹkan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ yàrá yẹn fún pọ̀, ó sì pọ̀ ju bó ti rí lójú lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà, pàápàá náítírójìn, ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ká ní wọ́n fà á jáde wéré, ìbá hó nínú iṣan rẹ̀ bíi mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ìbá sì kú lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ móoru, wọ́n dé akoto amòòkùn fún un, wọ́n fi àgò irin gbé e gòkè, wọ́n sì fi í sí yàrá irin fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, tí wọ́n ń dín agbára náà kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó ń mòòkùn fún ìgbádùn ní erékùṣù Príncipe náà, tàwọn ti sílíńdà lẹ́yìn, kì í sáré jáde. Wọn a dúró ní bíi mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 ná.

Okene nìkan ló yè nínú àwọn 12. Ó lọ kọ́ṣẹ́ amòòkùn lẹ́yìn náà, ó gbàwé ẹ̀rí, ó sì padà sínú òkun. Èmi ò lè dán an wò! Olùkọ́ físíìsì wa ló jókòó níwájú yẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi wọ́n.